Táyà Ògbólógbòó Kì í Ṣe Ẹ̀gbin Lásán: Ẹ̀kọ́ fún Ará Ṣómólú, Bàrígà àti Ibi Gbogbo

Àwọn àgbà a máa sọ pé ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà nípa ewé, èèpo iṣu, eérú àti àkísà, nítorí pé gbogbo wọn ni ilẹ̀ ń jẹ, tí wọ́n sì ń di ilẹ̀dú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbin kan ti dé sí àárín wa tí ààtàn pàápàá kò fẹ́. Ẹ̀gbin náà ni táyà ọkọ̀ tí ó ti gbó. Bí a bá rì í mọ́lẹ̀, kì í jẹrà. Ihò inú rẹ̀ a máa kó afẹ́fẹ́ pamọ́, bí ó bá sì pẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rú sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tún yọ sórí ilẹ̀. Nítorí irú wàhálà báyìí ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó parapọ̀ fi ṣe òfin pé, láti ọdún 2003, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin táyà lódidi sí ààtàn. Nígbà tí ó di ọdún 2006, wọn kò gbà kí a sin èyí tí a ti gé wẹ́wẹ́ pàápàá.

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí táyà ògbólógbòó: ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ewu tí ń bá a rìn, àti ọ̀nà tí àwọn ènìyàn fi ń sọ ọ́ di owó. Ṣómólú àti Bàrígà ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀ràn náà hàn gbangba níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ará oko má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Kò sí ìlú tàbí abúlé tí ọ̀nà mọ́tò gbà kọjá tí kò ní òkìtì táyà tirẹ̀. Ohun kan pàtàkì ni a fẹ́ kí olúkúlùkù yín mú lọ sílé: ẹni tí ó bá fẹ́ fi táyà ògbólógbòó ṣòwò, olùrà ni kí ó kọ́kọ́ wá, kì í ṣe ẹ̀rọ, kí ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo.

TÁYÀ NÍ ṢÓMÓLÚ ÀTI BÀRÍGÀ

Ṣómólú àti Bàrígà wà ní ìhà ìlà-oòrùn títì Ìkòròdú, wọ́n sì nà lọ títí dé etí ọ̀sà. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ni méjèèjì wà tẹ́lẹ̀, kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó dá agbègbè ìdàgbàsókè Bàrígà sílẹ̀ lọ́tọ̀ ní ọdún 2003. Ilé fún mọ́ ilé níbẹ̀, òpópónà há, ènìyàn sì pọ̀. Láti Fadéyì dé Onípánu, láti Onípánu dé Pàmúgróòfù, ọkọ̀ dáńfó, kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í dáwọ́ dúró. Gbogbo wọn ni ń wọ táyà, gbogbo táyà náà ni yóò sì gbó.

Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni táyà tí ó ti kú máa ń sùn sí. Ẹ ó rí i lẹ́bàá ẹ̀rọ ìfẹ́táyà rẹ̀, òkìtì lórí òkìtì. Àwọn kan a mú ọ̀kan níbẹ̀ láti fi dí iwájú ìsọ̀ kí ọkọ̀ má ba à dúró síbẹ̀. Àwọn kan a tò ó sí ẹsẹ̀ ilé kí àgbàrá má ba à wó ilẹ̀ lọ. Èyí tí ó kù, gọ́tà ni, tàbí iná.

Ní ìgbà kan rí, ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ ni a ti ń ṣe púpọ̀ nínú táyà tí a ń lò. Dunlop ní ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, Michelin sì ní tirẹ̀ ní Port Harcourt. Ní ọdún 2007 ni Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí Dunlop pẹ̀lú fi dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni a gbójú lé. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ń wọlé ni tòkunbọ̀, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti lò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Irú táyà bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ gbó. Nítorí náà, owó wa ni a fi ń ra ohun tí ó kù díẹ̀ kí ó di ẹ̀gbin, àwa náà ni a sì ń ru ẹrù ẹ̀gbin náà nígbà tí ó bá dé.

KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ TÁYÀ?

Kí a tó lè mọ ìlò ohun kan, ó yẹ kí a mọ ohun tí a fi ṣe é. Rọ́bà tí ń jáde láti ara igi máa ń rọ̀ nínú oòrùn, ó sì máa ń le nínú òtútù. Ní ọdún 1839, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Charles Goodyear rí i pé bí a bá po rọ́bà pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́, tí a sì fi iná sè é, yóò di ohun tí ń fà tí kì í já, tí oòrùn kò sì ní sọ di àtè mọ́. Ní ọdún 1888, John Boyd Dunlop ní ìlú Belfast gba ìwé àṣẹ lórí táyà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Láti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì yìí ni táyà òde òní ti bẹ̀rẹ̀.

Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan a máa wọn bíi kìlógíráàmù 8 sí 10. Ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá lè lé ní 50. Rọ́bà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀, èyí tí ó ti ara igi wá àti èyí tí a fi epo rọ̀bì ṣe. Lẹ́búlẹ́bú èédú dúdú tó bí ìdá mẹ́rin rẹ̀. Òun ni ó jẹ́ kí táyà dúdú, tí ó sì jẹ́ kí ó le. Wáyà irin tún wà nínú rẹ̀, pàápàá ní ẹnu rẹ̀ àti lábẹ́ ibi tí ń tẹ ilẹ̀. Òwú, imí-ọjọ́ àti èròjà míràn ni ó ṣe ìkún rẹ̀.

Ẹ fi ọkàn sí ibi tí a dé yìí, nítorí pé òun ni ìdí gbogbo ọ̀rọ̀. Ike tí a fi ń ṣe abọ́ ṣeé yọ́ nínú iná, kí a sì tún fi mọ abọ́ míràn. Rọ́bà táyà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin tí a ti sè kò lè padà di tútù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni rọ́bà tí imí-ọjọ́ àti iná ti sè kò lè padà yọ́. Nítorí náà, ohun tí a lè ṣe sí i kò ju mẹ́ta lọ: kí a gé e lò bí ó ti rí, kí a lọ̀ ọ́ di èérún, tàbí kí a fi iná tú u ká pátápátá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wá sọ fún yín pé òun yóò yọ́ táyà nínú ìkòkò kí ó di táyà titun, ẹ má ṣe fi owó yín lé e lọ́wọ́.

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ KÍ A FI Í SÍLẸ̀

Ewu kìn-ín-ní ni ẹ̀fọn. Bí òjò bá rọ̀ sínú táyà, omi náà kì í tètè gbẹ, oòrùn kì í sì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni irú ẹ̀fọn kan tí à ń pè ní Aedes fẹ́ràn láti yé sí. Ẹ̀fọn yìí kì í dúró de alẹ́. Ọ̀sán ni ó ń jẹ ènìyàn, nítorí náà àwọ̀n tí a ń ta sórí ibùsùn kò tó láti dá a dúró. Òun ni ó ń gbé ibà pọ́njú kiri, èyí tí a ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ kí a tó rìnrìn àjò lọ sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Lẹ́yìn tí ibà náà ti fi ilẹ̀ wa sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, a tún rí i ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ó sì tàn káàkiri láti ìgbà náà. Ẹyin ẹ̀fọn yìí lè wà ní gbígbẹ fún oṣù púpọ̀ kí ó tó pa nígbà tí omi bá kàn án. Dída omi inú táyà nù nìkan kò tó. Kí a gé táyà náà, kí a lu ihò sí i, tàbí kí a gbé e sí abẹ́ òrùlé.

Ewu kejì ni iná. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹran ní ilẹ̀ wa, táyà ni àwọn kan fi ń jó irun ara ẹran àti awọ tí ń di pọ̀nmọ́. Iná náà mú dáadáa, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ní oró, oró náà sì ń lẹ̀ mọ́ ohun tí a ó jẹ. Àwọn míràn ń sun táyà kìkì nítorí wáyà irin inú rẹ̀. Èéfín náà a wọlé tọ ọmọ ọwọ́ àti àgbàlagbà lọ, pàápàá níbi tí fèrèsé ilé kan ti kọjú sí ti èkejì bí ó ti rí ní Bàrígà. Bí iná bá sì ran òkìtì ńlá, pípa rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sán kan. Ní oṣù kejì ọdún 1990, òkìtì táyà tí ó lé ní mílíọ̀nù 10 gbiná ní Hagersville ní ilẹ̀ Kánádà. Ọjọ́ 17 ni àwọn panápaná fi bá a jà.

Ewu kẹta ni ti àwọn tí ń fi ọ̀bẹ gbígbóná la ojú titun sí ara táyà tí ó ti jẹ tán, tí wọ́n sì ń kùn ún kí ó máa dán. Èyí kì í ṣe àtúnlò. Ẹ̀tàn ni, ó sì lè pa ènìyàn. Kí ẹni tí ń ra táyà wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà ní òpin ìlà lẹ́tà DOT ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí a bá rí 2319, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ní ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni a ṣe táyà náà.

Ewu kẹrin kan àwọn ará etí ọ̀sà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé bí a bá da táyà sínú omi, ọ̀ràn ti tán. Ní ọdún 1972, ní etí òkun Florida ní Amẹ́ríkà, wọ́n ri táyà tí ó tó mílíọ̀nù 2 sínú omi pẹ̀lú èrò pé ẹja yóò fi ṣe ilé. Okùn tí wọ́n fi dì wọ́n já, ìgbì omi sì ń gbé táyà káàkiri, ó ń fi wọ́n lu ibi tí ẹja ń gbé nítòótọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún àti owó púpọ̀ ni wọ́n ti fi ń kó wọn jáde.

ÀPẸẸRẸ LÁTI ÌBÀDÀN

Bí ewu ti rí nìyẹn. Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ní tòsí wa. Ní ìlú Ìbàdàn ni obìnrin kan, Ifedolapo Runsewe, ti dá ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Freetown Waste Management Recycle sílẹ̀. Ní ọdún 2020 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 4. Nígbà tí ó fi di ọdún 2021, òṣìṣẹ́ ti di 128, wọ́n sì ti lọ táyà tí ó lé ní 100,000. Búlọ́ọ̀kù tí a ń tẹ́ sílẹ̀ àgbàlá àti táìsì ilẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Lára àwọn olùrà wọn ni àwọn tí ń tẹ́ ibi ìṣeré àwọn ọmọdé, kí ọmọ tí ó bá ṣubú má ba à fi orí gbá sìmẹ́ńtì.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. A ó kọ́kọ́ fa wáyà nínípọn yọ kúrò ní ẹnu táyà. Ẹ̀rọ kan yóò gé ìyókù wẹ́wẹ́, òmíràn yóò lọ̀ ọ́ kúnná. Òòfà yóò fa èérún irin kúrò, ajọ̀ yóò sì ya èyí tí ó kúnná kúrò lára èyí tí kò kúnná. Lẹ́yìn náà ni a ó pò ó pọ̀ mọ́ àtè tí ó lágbára, a ó dà á sínú mọ́òlù, ẹ̀rọ yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ra pẹ̀lú ìgbóná títí yóò fi dì. Búlọ́ọ̀kù rọ́bà kì í fọ́ bí ti sìmẹ́ńtì, kì í yọ̀ ní òjò, ó sì rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn.

Ẹ ṣe àkíyèsí ohun kan nínú ìtàn yìí. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa táyà 100,000 jọ. Àwọn tí ń kó táyà wá láti ààtàn àti ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni ó gbójú lé. Ní ọdún 2021, náírà 70 sí 100 ni wọ́n ń gbà lórí táyà kọ̀ọ̀kan. Owó ti yí padà láti ìgbà náà, nítorí náà kí olúkúlùkù béèrè iye ti òní. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé ilẹ̀kùn iṣẹ́ méjì ni ó ṣí: ti olówó tí ó ra ẹ̀rọ, àti ti aláìní tí ó ní ọmọlanke àti agbára.

Ọ̀NÀ MẸ́RIN TÍ OWÓ FI Ń JÁDE

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀bẹ mímú, òlù, òòlù àti ìṣó ni ohun èlò rẹ̀. A lè fi táyà ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, agbada omi ẹran ọ̀sìn, àga ìjókòó, ìkòkò òdòdó, àti ìtìmù tí a ń so mọ́ etí èbúté kí ọkọ̀ ojú omi má ba à fara gbo. Rọ́bà inú táyà ni àwọn ènìyàn ti ń fi ṣe ohun ìfami kànga láti ọjọ́ pípẹ́. Kí oníṣẹ́ bàtà mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó rọrùn jù láti gé, nítorí pé òwú ni ó sábà wà níbẹ̀, kì í ṣe irin. Kí ẹnikẹ́ni má fi ojú tín-ín-rín wo iṣẹ́ yìí. Ní Addis Ababa ní ilẹ̀ Etiópíà, Bethlehem Tilahun Alemu dá ilé iṣẹ́ bàtà soleRebels sílẹ̀ ní ọdún 2004. Táyà ògbólógbòó ni wọ́n fi ń ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà wọn, wọ́n sì ń tà á dé òkè òkun.

Ọ̀nà kejì ni kíkójọ, yíyà sọ́tọ̀ àti gígé. Èyí ni ó bá Ṣómólú àti Bàrígà mu jù, a ó sì padà sórí rẹ̀. Nínú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ 100, wáyà irin inú rẹ̀ lè tó kìlógíráàmù 100. Àwọn tí ń ra àjákù irin, bí irú àwọn tí ó wà ní Òwódé Onírin, mọ ìlò rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni lílọ̀ di èérún, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i ní Ìbàdàn. Yàtọ̀ sí búlọ́ọ̀kù, a lè po èérún náà mọ́ ọ̀dà títì. Ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe é, ó sì ń jẹ́ kí títì pẹ́ kí ó tó sán. Owó ńlá àti iná mànàmáná tí ó dúró ṣinṣin ni ọ̀nà yìí ń béèrè.

Ọ̀nà kẹrin ni gbígbóná táyà nínú àgbá irin tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Kò ní jó. Yóò tú ká di epo, èédú, gáàsì àti irin. Àwọn kan ń pariwo rẹ̀ pé òun ni èrè rẹ̀ pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí gáàsì bá jò, iná lè sẹ́ yọ, èéfín rẹ̀ sì burú fún òṣìṣẹ́ àti aládùúgbò. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni, ní ibi tí ó jìnnà sí ilé, pẹ̀lú àṣẹ ìjọba. Kò sí àyè fún un ní àárín Bàrígà.

KÍ A KỌ́GBỌ́N LỌ́DỌ̀ ÀWỌN ATẸ̀WÉ

Ẹni tí ó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ìlú atẹ̀wé ni. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ilé ẹ̀kọ́ àti páálí ìkójà, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jáde. Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ṣe pín. Ẹnì kan ni ó ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sórí kọ̀ǹpútà. Ẹlòmíràn ni ó ń ṣe páànù ìtẹ̀wé. Ẹlòmíràn ni ó ní ẹ̀rọ. Ẹlòmíràn ni ó ní ọ̀bẹ ńlá tí ń gé bébà. Ẹlòmíràn ni ó ń dì í pọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà láìní ẹ̀rọ kankan, yóò sì gbé e láti ojúlé dé ojúlé títí iṣẹ́ yóò fi parí. Àjákù bébà tí ọ̀bẹ gé sílẹ̀ pàápàá ní ẹni tí ń rà á.

Bí a bá fẹ́ kí táyà di owó ní àdúgbò kan náà, ọ̀nà tí àwọn atẹ̀wé tọ̀ ni kí a tọ̀. Kí fọkanáísà máa kó tirẹ̀ jọ sí abẹ́ òrùlé. Kí ọlọ́mọlanke máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí àwọn kan fa wáyà yọ, kí wọ́n sì gé e. Kí oníṣẹ́ bàtà mú èyí tí ó wúlò fún un. Kí ìyókù lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìlọ̀, ibikíbi tí ó bá wà. Kò di dandan kí ẹ̀rọ náà wà ní Bàrígà.

Èé ṣe tí a fi tẹnu mọ́ gígé? Nítorí pé afẹ́fẹ́ ni ó kún inú táyà. Ẹni tí ó kó táyà odidi sínú ọkọ̀, afẹ́fẹ́ ni ó ń san owó ọkọ̀ fún. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe iye ọjà òní. Bí ọkọ̀ kan bá gba táyà odidi 200, tí olùrà sì ń san náírà 100 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó tí ó wọlé jẹ́ náírà 20,000. Bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ náírà 18,000, náírà 2,000 péré ni ó kù fún gbogbo àwọn tí ó ṣe làálàá. Ṣùgbọ́n bí a bá gé táyà, tí a sì dì í pọ̀, tí ọkọ̀ kan náà fi gba 500, owó tí ó wọlé di náírà 50,000. Bí a bá yọ owó ọkọ̀ kan náà, náírà 32,000 ni ó kù. Ọ̀bẹ ni ó mú ìyàtọ̀ náà wá.

Ṣùgbọ́n bí a bá ti gé e tán, tí olùrà sì sọ pé odidi ni òun ń fẹ́ ńkọ́? Ìdí nìyí tí a fi sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé olùrà ni kí a kọ́kọ́ wá. Kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: irú táyà wo? Gígé tàbí odidi? Mélòó ní oṣù kan? Ta ni yóò san owó ọkọ̀? Kí a kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó ṣa táyà kan. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ṣa táyà jọ kí ó tó wá olùrà, ẹ̀fọn àti iná ni ó ṣa jọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dé orí. Ó dára kí àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Láti ọdún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ènìyàn 10 sì ti tó láti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Ẹgbẹ́ lè ya ilé kan lò, kí ó ra ọ̀bẹ tí ó dára, kí ó sì bá olùrà dá iye owó tí ó tọ́. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n gba àṣẹ lọ́dọ̀ LAWMA àti LASEPA, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin àti ìmọ́tótó àyíká Ìpínlẹ̀ Èkó wà lọ́wọ́ wọn; ará ìpínlẹ̀ míràn yóò lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tirẹ̀.

ÌKÌLỌ̀ DÍẸ̀

Kí ẹni tí ń gé táyà wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà tí ó nípọn, nítorí pé wáyà inú rẹ̀ a máa ta padà bí okùn ọrun. Kí ó gba abẹ́rẹ́ tí ń dènà àrùn ipá. Kí a má ṣe tò táyà ju gíga ènìyàn lọ, kí a fi àyè sílẹ̀ láàrin òkìtì kan àti èkejì, kí iyanrìn sì wà nítòsí nítorí iná. A kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbin ẹ̀fọ́ jíjẹ sínú táyà, nítorí pé èròjà inú rẹ̀ lè máa ro sínú ilẹ̀. Òdòdó ni kí a gbìn síbẹ̀. Kí a má sì da èérún rọ́bà sílẹ̀ láìfi àtè dì í, nítorí pé òjò yóò gbé e lọ sí gọ́tà, gọ́tà yóò sì gbé e lọ sí ọ̀sà.

Iṣẹ́ yìí kò ní sọ ẹnikẹ́ni di ọlọ́rọ̀ ní òru ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ó lè fi oúnjẹ sí ẹnu ọ̀dọ́ tí kò rí iṣẹ́, kí ó sì mú ẹ̀fọn àti èéfín kúrò ní ojúde wa. Kò sí ohun kan nínú táyà tí kò ní ẹni tí ń wá a. Ohun tí ó kù ni kí a mọ ẹni náà, kí a sì fi ìmọ̀ṣọ̀kan gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ YÀRÁ ÌKÀWÉ

1. Táyà mélòó ni ó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ fọkanáísà tí ó sún mọ́ wa jù? Níbo ni ó ń kó wọn sí?
2. Èé ṣe tí rọ́bà táyà kò fi ṣeé yọ́ bí ike?
3. Èé ṣe tí dída omi inú táyà nù kò fi tó láti pa ẹyin ẹ̀fọn Aedes run?
4. Bí ọkọ̀ bá gba táyà gígé 400 ní náírà 100, tí owó ọkọ̀ sì jẹ́ náírà 18,000, èló ni yóò kù?
5. Ta ni, ní ìlú wa tàbí ní ìlú tí ó sún mọ́ wa, tí ó lè ra táyà ògbólógbòó tàbí wáyà inú rẹ̀? Ta ni yóò lọ bá a sọ̀rọ̀ kí a tó tún pàdé?